Pàṣán Tí A Fi Na Ìyálé

   

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Ìlú Ọba jáde kúrò nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ní ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 2020. Ariwo rẹ̀ ti rọlẹ̀, àwọn tó ń pariwo níwájú ilé aṣòfin ti ká àsíá wọn lọ sílé, ṣùgbọ́n àwa ọmọ Yorùbá kò tíì jókòó kí a bá ara wa sọ òótọ́ lórí ipa tí a kó nínú rẹ̀. Nígbà tí ìjà náà ń gbóná, ohùn méjì ni a ń gbọ́ láàárín wa. Ohùn kìíní ní, "Ìjà òyìnbó ni, kò kàn wá." Ohùn kejì ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n lé àwọn ará Pólàńdì àti Ròmáníà lọ, àyè á gba tiwa." A gbọ́ ohùn méjèèjì ní ilé ìjọsìn, a gbọ́ wọn níbi ìkómọ, a sì gbọ́ wọn nínú ìpàdé tiwa gan-an, níbi tí àgbà kan ti dìde tí ó ní òun yóò dìbò kí Ìlú Ọba jáde nítorí ọmọ àbúrò òun tí wọ́n kọ̀ láti fún ní físà. Àwọn kan pàtẹ́wọ́ fún un.

Àwa ń sọ ọ́ láìfi bò pé ohùn méjèèjì ló ṣìnà. Àwọn baba wa ní pàṣán tí a fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó. Ìyàwó tó bá ń rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n ń na ìyálé rẹ̀ kò mọ ohun tó wà lókè orí òun. Ohun tí ojú wa ti rí láti ìgbà náà, pàṣán ọ̀hún ni wọ́n mú sọ̀ kalẹ̀ láti àjà.

ỌWỌ́ WA WÀ NÍNÚ RẸ̀

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ dá ẹni tó ní kò kàn wá lóhùn. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹfà ọdún 2016 tí wọ́n dìbò náà, ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé Ìlú Ọba pẹ̀lú ìwé ìgbélùú tó tọ́ ní ẹ̀tọ́ láti dìbò, ìbáà ṣe ìwé ìrìnnà aláwọ̀ ewé nìkan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí pé Nàìjíríà wà nínú Commonwealth. Ará Pólàńdì tó ti gbé ibẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, tó ń san owó orí, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń lọ sí ilé ìwé ibẹ̀, kò ní ẹ̀tọ́ náà. Nínú gbogbo ará Yúróòpù tí kò tíì gba ìwé Ìlú Ọba, àwọn ará Ireland, Malta àti Cyprus nìkan ni wọ́n gbà láàyè. Ẹ wo nǹkan! Àwọn tí wọ́n fẹ́ dá ẹjọ́ wọn kò rí àyè wọ kóòtù. Àwa tí a rí àyè wọ̀ ọ́ ní kò kàn wá.

Ìbò 17.4 mílíọ̀nù ní kí wọ́n jáde, ìbò 16.1 mílíọ̀nù ní kí wọ́n dúró. Ìyẹn ni ìdá 51.9 nínú ọgọ́rùn-ún sí ìdá 48.1. England àti Wales ní kí wọ́n jáde. Scotland àti Àríwá Ireland ní kí wọ́n dúró. Lọ́ńdọ̀nù tí àwa pọ̀ sí ní kí wọ́n dúró pẹ̀lú ìbò tó súnmọ́ ìdá 60. Kì í sì í ṣe òyìnbó nìkan ló jà á. Kemi Badenoch, ọmọ Yorùbá tó dàgbà ní Èkó, wà lára àwọn tó fẹ́ kí wọ́n jáde; òun ló di olórí ẹgbẹ́ Conservative ní oṣù kọkànlá ọdún 2024. Chuka Umunna, tí baba rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, wà lára àwọn tó léwájú nínú ìjà pé kí ará ìlú tún ìbò dì. Ẹni tó bá ní ìjà òyìnbó ni, ṣé kò rí àwọn ọmọ wa lójú ìjà ni?

IBI TÍ Ọ̀NÀ TI PÍN

Àwọn kan ń bi wá pé kí ló dé tí àwọn olóṣèlú Ìlú Ọba fi fi ọdún mẹ́ta àti ààbọ̀ jà lórí àdéhùn kan ṣoṣo. Ìdáhùn rẹ̀ kò le. Ìwé ìbò bèèrè bóyá kí wọ́n dúró tàbí kí wọ́n jáde. Kò bèèrè ibi tí wọn yóò gbà lọ. Ẹni tó ní òun ń kó kúrò nílé, ṣé kò yẹ kí ó mọ ilé tí òun ń kó lọ kí ó tó di ẹrù? Norway kò sí nínú Àjọ náà, síbẹ̀ ó wà nínú ọjà rẹ̀. Turkey kò sí nínú rẹ̀, síbẹ̀ ó bá wọn lo owó ibodè kan náà lórí ọ̀pọ̀ ọjà. Canada ń ti òkèèrè bá wọn ṣòwò lábẹ́ àdéhùn tirẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta nìyẹn, ẹni tó dìbò pé kí wọ́n jáde sì lè ní èyíkéyìí nínú wọn lọ́kàn.

Ta ló wá yan ọ̀nà? Theresa May ni, tó di Olóòtú Ìjọba ní oṣù keje ọdún 2016 lẹ́yìn tí David Cameron fi ipò sílẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2017 ó kéde pé Ìlú Ọba yóò jáde nínú ọjà àjùmọ̀ní Yúróòpù pẹ̀lú. Ìdí pàtàkì rẹ̀ ni pé ẹni tó bá wà nínú ọjà náà gbọ́dọ̀ gbà kí àwọn ará Yúróòpù máa wọlé wá ṣiṣẹ́ láìgba físà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ di èyí mú, nítorí òun ni gbogbo ìyókù dúró lé. Nítorí kí àlejò má baà wọlé, wọ́n ní àwọn yóò jáde nínú ọjà. Nítorí pé wọn yóò jáde nínú ọjà, ó di dandan kí oníbodè wà níbì kan láàárín wọn àti Yúróòpù. Ibo sì ni ààlà wọn orí ilẹ̀ tó gùn jù wà? Ní Ireland ni, níbi tí wọ́n ti pa ara wọn fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún kí wọ́n tó fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà ní ọdún 1998. Kò sí ẹni tó láyà láti gbé oníbodè padà sí ààlà yẹn.

May wá ṣe àdéhùn ní oṣù kọkànlá ọdún 2018, pé bí wọn kò bá rí ọ̀nà mìíràn, gbogbo Ìlú Ọba yóò ṣì máa bá Yúróòpù lo owó ibodè kan náà, kí ààlà Ireland lè wà ní ṣíṣí. Àwọn tó fẹ́ jáde pátápátá ní oko ẹrú nìyẹn. Àwọn tó fẹ́ dúró bèèrè pé kí ni a wá ń jáde fún. Ẹgbẹ́ DUP ti Àríwá Ireland, tí àwọn aṣòfin wọn mẹ́wàá ló gbé ìjọba May ró lẹ́yìn ìbò ọdún 2017, ní wọn kò gbọdọ̀ ya ilẹ̀ àwọn sọ́tọ̀. Ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 2019, aṣòfin 432 kọ àdéhùn náà, 202 gbà á. Kò sí ìjọba kan láyé òde òní tí ilé aṣòfin náà tíì ṣẹ́gun rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n tún gbé e wá ní ọjọ́ 12 oṣù kẹta: 391 kọ̀, 242 gbà. Wọ́n gbé e wá lẹ́ẹ̀kẹta ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta, ọjọ́ gan-an tó yẹ kí wọ́n ti jáde: 344 kọ̀, 286 gbà. Ọjọ́ méjì ṣáájú, àwọn aṣòfin fúnra wọn ti dìbò lórí ọ̀nà mẹ́jọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kò sí ọ̀kan ṣoṣo tó yege. Wọ́n mọ gbogbo ohun tí wọn kò fẹ́. Wọn kò mọ ọ̀kan tí wọ́n fẹ́.

Ẹgbẹ́ Labour náà kò fi bẹ́ẹ̀ sàn. Apá kan ní kí wọ́n bọ̀wọ̀ fún ìbò, apá kejì ní kí wọ́n tún un dì, àwọn aṣòfin wọn méje, tí Umunna wà lára wọn, sì bínú jáde ní oṣù kejì ọdún 2019. Boris Johnson ńkọ́? Ní oṣù kọkànlá ọdún 2018 ó lọ sí àpérò ẹgbẹ́ DUP, ó ní ìjọba Conservative kankan kò lè gbà kí oníbodè wà láàárín Àríwá Ireland àti ìyókù Ìlú Ọba. Kò pé ọdún kan tí òun fúnra rẹ̀ di Olóòtú Ìjọba tó sì gba irú rẹ̀ wọlé. Láàárín àkókò náà ó ti ilé aṣòfin pa, adájọ́ 11 Ilé Ẹjọ́ tó ga jù lọ sì panu pọ̀ pé kò bá òfin mu; ó sì lé aṣòfin 21 ẹgbẹ́ tirẹ̀ sóde nítorí pé wọ́n dìbò takò ó. Síbẹ̀, nígbà tí ó sọ fún ará ìlú ní oṣù kejìlá ọdún 2019 pé kí wọ́n jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà parí, wọ́n fún un ní ìjókòó tó fi 80 ju ti gbogbo ẹgbẹ́ yòókù lápapọ̀. Àárẹ̀ ló mú àwọn ènìyàn. Òwò tí a fi àárẹ̀ ná, èrè rẹ̀ kì í dára.

Àwọn kan yóò sọ pé ọ̀rọ̀ òmìnira ni, pé ọ̀rọ̀ owó tí wọ́n ń san fún Àjọ náà ni. A kò sẹ́ pé wọ́n sọ ìwọ̀nyẹn, àwọn mìíràn sì gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n ẹ padà tọ okùn náà lọ sí ìdí rẹ̀. Bí kì í bá ṣe ìlẹ̀kùn tí wọ́n fẹ́ tì mọ́ àlejò, wọn ì bá dúró nínú ọjà, ọ̀rọ̀ Ireland ì bá má sì le tó bẹ́ẹ̀.

TA NI ÌYÁLÉ YÌÍ?

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè: àwọn àlejò tí wọ́n torí wọn da ilé rú yìí, ta ni wọ́n? Àwọn ènìyàn wa rò pé aláwọ̀ funfun ni gbogbo wọn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Yorùbá tó ti gba ìwé ọmọ onílùú ní Ítálì, ní Spéènì, ní Ireland àti ní Jámánì wà láàárín wa. Ọ̀pọ̀ wọn kó wá kí àwọn ọmọ wọn lè fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kàwé, ìwé Yúróòpù yẹn ni wọ́n sì fi wọlé láìsí pé wọ́n bẹ ẹnikẹ́ni. Ìlẹ̀kùn tí ẹ ní kí wọ́n tì, àwọn ọmọ ìyá yín ń gba ibẹ̀ kọjá.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Ní oṣù kẹta ọdún 2011, Ilé Ẹjọ́ Yúróòpù dá ẹjọ́ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ruiz Zambrano, ará Colombia tó ń gbé ní Belgium. Wọ́n ní òbí tó ń tọ́ ọmọ kékeré tó jẹ́ ọmọ onílùú ní Yúróòpù, a kò gbọdọ̀ fi ẹ̀tọ́ ìgbélùú àti iṣẹ́ dù ú, bí ìyẹn yóò bá lé ọmọ náà kúrò ní ilẹ̀ Yúróòpù. Àwọn ìyá wà láàárín wa tí ọmọ wọn ní ìwé Ìlú Ọba tí àwọn fúnra wọn kò ní. Orí ẹjọ́ yìí ni wọ́n dúró lé tí wọ́n fi lè ṣiṣẹ́ tí wọ́n sì fi lè sùn. Abẹ́ òrùlé Yúróòpù ni wọ́n sá sí nígbà tí òjò Lọ́ńdọ̀nù ń pa wọ́n. Ẹ wá dúró lóde, ẹ ń pàtẹ́wọ́ kí wọ́n wó òrùlé náà.

A gbọ́ àròyé àwọn tó dìbò pé kí wọ́n jáde, a kò sì ní fi wọ́n ṣẹ̀sín, nítorí òótọ́ wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní ará Pólàńdì lè mú ìyàwó rẹ̀ wá láìsí wàhálà, ṣùgbọ́n ọmọ wa tó ní ìwé Ìlú Ọba gbọ́dọ̀ máa gba £18,600 lọ́dún kí ó tó lè mú ìyàwó rẹ̀ wá láti Ìbàdàn. Ìrẹ́jẹ ni, a gbà. Ṣùgbọ́n ta ló ṣe òfin £18,600 náà? Kì í ṣe Yúróòpù. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti ṣe é ní oṣù keje ọdún 2012, nígbà tí Theresa May jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé. Òun náà ni mínísítà ní ọdún 2013 tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ kiri àdúgbò wa ní Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n kọ ọ́ sí i lára pé kí ẹni tí kò ní ìwé máa lọ sí ilé rẹ̀. Ẹni tó nà yín ní pàṣán lẹ gbé pàṣán mìíràn fún, ẹ ní kí ó bá yín na aládùúgbò yín.

Yúróòpù kò sí níbẹ̀ mọ́ tí a ó fi di ẹ̀bi rù ú. Ṣé £18,600 náà wálẹ̀? Ní oṣù kẹrin ọdún 2024 wọ́n sọ ọ́ di £29,000.

PÀṢÁN SỌ̀ KALẸ̀

Wọn yóò sọ fún wa pé ìlẹ̀kùn ṣí fún àwa náà lẹ́yìn tí wọ́n jáde. Bẹ́ẹ̀ ni, ó ṣí. Ní oṣù kejì ọdún 2022 wọ́n fi iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó kún iṣẹ́ tí a lè torí rẹ̀ gba físà, nítorí pé àwọn arúgbó wọn kò rí ẹni tí yóò wẹ̀ wọ́n. Àwọn ọmọ wa ta ilẹ̀, wọ́n ta mọ́tò, wọ́n jápa. Àwọn olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ báńkì wá ń gbé arúgbó ní òru. A kò tijú iṣẹ́ náà, iṣẹ́ gidi ni. Ṣùgbọ́n ìlẹ̀kùn tí a ṣí nítorí àìrówọ́, kì í ṣe nítorí ìfẹ́, a máa tètè padé. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2024, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kò lè mú ọkọ, aya tàbí ọmọ wá mọ́, àfi àwọn tó ń ṣe ìwádìí ìjìnlẹ̀. Láti ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún kan náà, olùtọ́jú arúgbó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ kò lè mú ẹbí rẹ̀ wá. Ní ọjọ́ 22 oṣù keje ọdún 2025, wọ́n ti ìlẹ̀kùn iṣẹ́ náà pátápátá mọ́ ẹni tó ń ti òkèèrè bọ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, ìjọba Labour gbé ìwé àbá jáde pé kí ọdún tí àlejò yóò lò kí ó tó gba ìwé ìgbélùú títí láé di mẹ́wàá dípò márùn-ún. Conservative bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, Labour gbà á lọ́wọ́ wọn. Ọwọ́ tó mú pàṣán ló yí padà, pàṣán kò yí padà.

Ó sì yẹ kí a ti mọ̀. Ẹ̀yin àgbà wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, láti Èjìgbò àti láti Ìlọrin, ẹ kò gbàgbé oṣù kọkànlá ọdún 1969, nígbà tí ìjọba Busia ní Gánà ní kí àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú fi ìlú sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn ènìyàn wa tó ti ń tajà níbẹ̀ láti ọdún pípẹ́ fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, wọ́n gbé ìwọ̀nba tí wọ́n lè gbé. Ní oṣù kìíní ọdún 1983, Nàìjíríà náà lé àwọn ará Gánà, àwa kan sì dúró lójú títì, a ń wò wọ́n pẹ̀lú báàgì lórí. A ti jẹ ẹgba, a sì ti nani ní ẹgba. Ta ló yẹ kó mọ bí ẹgba ṣe ń dun ni ju àwa lọ?

Ohun tó ń dùn wá jù lónìí kò sí lọ́wọ́ òyìnbó. Láàárín wa ni ó wà. Àwọn tó ti gba ìwé nínú wa ti ń sọ pé àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jápa dé ti pọ̀ jù, pé wọn kò mọ̀wà hù, pé àwọn ló ba orúkọ wa jẹ́, pé ó dára bí ìjọba ṣe ń dí ọ̀nà mọ́ wọn. Ẹ gbọ́ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí lẹ́nu! Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ sí ará Pólàńdì ní ọdún 2016 nìyẹn, kò yàtọ̀ ní wóró kan. Ìyàwó tó jẹgba ti di ìyálé, ó sì ń wá ìyàwó tuntun tí yóò nà.

Àwa ń bẹ ẹ̀yin ènìyàn wa. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ lo ìbò yín. Ọmọ Commonwealth tó ní ìwé ìgbélùú tó tọ́ lè dìbò yan aṣòfin ní Ìlú Ọba, kò dìgbà tó bá gba ìwé ọmọ onílùú. Ẹ forúkọ sílẹ̀, kí ẹ sì mú ìwé ìdánimọ̀ tó ní àwòrán lọ síbi ìbò. Lẹ́ẹ̀kejì, ẹni tó bá wá tọrọ ìbò yín pé òun yóò tú ilé kan ká, tàbí pé òun yóò ti ìlẹ̀kùn kan, ẹ bi í pé kí ló fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀, kí ó sọ ọ́ kí ẹ tó dìbò. Lẹ́ẹ̀kẹta, nígbà tí wọ́n bá ń na aládùúgbò yín, ẹ má ṣe bá wọn ka ẹgba.

Bí a bá tún pàdé nínú ìpàdé wa, tí ẹnikẹ́ni sì tún dìde pé kí wọ́n lé àwọn kan kí àyè lè gba àwọn kan, àwa yóò ní kí ó jókòó, kí ó gbójú sókè wo àjà.

Ire o.